Ẹni Tí Ń Tún Ohùn Gìtá Ṣe

Bí a bá ń pa ìtàn orin jùjú, orúkọ àwọn olórin ni a máa ń tò: Túndé King, Àyìndé Bákàrè, I. K. Dáíró, títí dé orí Sunny Adé, ọmọ ọba tí ìdílé rẹ̀ ti Oǹdó àti Àkúrẹ́ wá. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnì kan wà lẹ́yìn wọn tí a kì í dárúkọ, tí n kò sì tíì rí orúkọ rẹ̀ lára páálí àwo orin kankan. Òun ni ẹni tí ń tún áńpílífáyà ṣe.

Ní àwọn ọdún 1930, nígbà tí Túndé King ń kọ jùjú ní Èkó, ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ni ó ń kọ ọ́, yàrá àlejò sì gbà wọ́n. Ní ìparí àwọn ọdún 1940 ni gáńgan wọ inú orin náà. Ẹni tí ó bá mọ bí gáńgan ti ń ké mọ̀ pé gìtá onígi lásán kò lè bá a du ọ̀rọ̀ sọ. Ní 1949 ni Àyìndé Bákàrè so ẹ̀rọ mọ́ gìtá tirẹ̀. Àwọn kan a máa sọ pé ẹ̀rọ òyìnbó ni ó ba orin wa jẹ́. Èmi kò gbà. Ẹ̀rọ náà ni ó fún àwọn onílù wa láàyè láti lù bí ó ti wù wọ́n láìbo gìtá mọ́lẹ̀; òun náà ni ó sì mú kí àríyá lè jáde láti inú yàrá sí ojúde.

Fáàfù ni ọkàn áńpílífáyà ayé ìgbà náà. Ó jọ gílóòbù iná kékeré. Fleming, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó ṣe àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní 1904. Ní 1906, Lee de Forest, ará Amẹ́ríkà, fi wáyà kan kún un. Àárín fáàfù a gbóná, iná mànàmáná a sì máa ti ibẹ̀ sáré lọ sí ara páànù tí ó yí i ká. Wáyà de Forest dúró láàárín bí oníbodè, ìró kékeré tí ó ti ara gìtá wá ni ó sì ń pàṣẹ fún oníbodè náà.

Ilẹ̀ kòkó ni Oǹdó àti Àkúrẹ́. Nígbà tí owó kòkó bá wọlé, tí ọyẹ́ sì ń fẹ́, ni àkókò ìnáwó. Ẹ wo ohun tí ó dúró de ẹ̀rọ: ọ̀nà oníkòtò, eruku ọyẹ́ nínú súkétì, iná tí ń lọ sókè tí ń bọ̀ wálẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá sì dákẹ́ ní agogo kan òru, oúnjẹ ọmọ olórin wọ ewu, nítorí kò sí ẹni tí yóò lẹ owó mọ́ iwájú orí olórin tí a kò gbọ́ ohùn rẹ̀.

Atúnrédíòṣe ni wọ́n máa ń ránṣẹ́ pè, nítorí fáàfù náà ni ó wà nínú rédíò ìgbà náà. Ohun tí ọ̀gá kọ́kọ́ gbọdọ̀ kọ́ ọmọ iṣẹ́ ni bí ẹ̀rọ náà kò ṣe ní pa á. Iná inú rẹ̀ lè ju 300 fóòtì lọ, kàpásítọ̀ a sì máa fi í pamọ́ lẹ́yìn tí a ti yọ wáyà lára ògiri. Nítorí náà a ó kọ́kọ́ tú iná yìí dànù. Bí ó bá di dandan pé kí a fọwọ́ kan ẹ̀rọ nígbà tí iná wà lára rẹ̀, ọwọ́ òsì a wà nínú àpò, kí iná má baà gba ọwọ́ kan wọlé, kí ó gba àyà kọjá sí èkejì.

Lẹ́yìn èyí, ojú ni yóò ṣáájú ọwọ́. Ṣé gbogbo fáàfù ni ó tàn? Àwọ̀ fàdákà kan wà nínú dígí fáàfù. Bí ó bá ti di funfun, atẹ́gùn ti wọlé, fáàfù náà ti kú. Bí páànù inú rẹ̀ bá pọ́n bí ẹ̀yinná, kí a pa ẹ̀rọ kíákíá: iná tí ń gbà á kọjá ti pọ̀ jù, ó sì lè jẹ́ pé kàpásítọ̀ tí ó ṣáájú rẹ̀ ni ó ń jò. Lẹ́yìn ojú ni etí. Bí ẹ̀rọ bá ń kùn, a ó yí bọ́tìnì ohùn wálẹ̀. Bí ìkùn náà bá dínkù, àrùn wà ṣáájú bọ́tìnì; bí kò bá yí padà, ó wà lẹ́yìn rẹ̀, àwọn kàpásítọ̀ ńlá tí ń sẹ́ iná ni a ó sì kọ́kọ́ fura sí. Bí ó bá ń ta pàrà pàrà, a ó fi ìdí pẹ́ńsù kan fáàfù kọ̀ọ̀kan jẹ́jẹ́ títí a ó fi dé èyí tí yóò ké. Nígbà mìíràn ìdọ̀tí inú súkétì lásán ni. Mo ti rí dókítà tí kò ní sùúrù tó báyìí.

Fíúsì ni ó ń kó àwọn aláìnísùúrù sí wàhálà. Fíúsì kì í ṣàdédé já, ṣùgbọ́n ní òru àríyá ta ni ó ráyè béèrè ìdí? Wọn a fi wáyà lásán so ó, orin a tún bẹ̀rẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́ tiransífọ́mà a ti jóná. Iṣẹ́ ńlá wá dé nìyẹn. Atúnṣe yóò tú wáyà tí ó jóná, yóò máa ka ìyípo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan dé ọgọ́rọ̀ọ̀rún, yóò sì fi ọwọ́ wé tuntun ní iye kan náà. Bí ó bá ṣi í kà, iye iná tí yóò jáde ti yàtọ̀ nìyẹn.

Ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe tiransísítọ̀ àkọ́kọ́ ní 1947. Ó fúyẹ́, kì í gbóná tó fáàfù, nígbà tí ó sì yá ó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Lónìí ilé iṣẹ́ díẹ̀ ní Rọ́ṣíà, Slovakia àti Ṣáínà ni ó ṣì ń ṣe fáàfù, fóònù sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ iṣẹ́ ń kọ́ láti tún ṣe. Àmọ́ àwo orin àwọn ọdún 1960 ṣì wà. Bí ẹ bá gbé ọ̀kan sí i, tí ẹ gbọ́ gìtá náà tí ó ń dáhùn gáńgan láìbẹ̀rù, fáàfù ni ó ń pọ́n lẹ́yìn ohùn yẹn. Ẹnì kan sì ti lè fi pẹ́ńsù kàn án wò kí wọ́n tó gbé e wọ ọkọ̀.