Ohun tí Páànù Ti Mọ̀ Kí Mọ́tò Tó Mọ̀ Ọ́n

Àwọn àgbà ní kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Mọ́tò bàbá mi ló jẹ́ kí n gbà. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, mo tẹ ilẹ̀ ọkọ̀, ẹsẹ̀ mi sì jìn! Ìpáàrà ti jẹ irin tán lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Bẹ́ẹ̀ ọ̀dà ara rẹ̀ ń dán gbinrin, torí bàbá mi kì í fi kíkùn rẹ̀ ṣeré. Mọ́tò yẹn ló ń pa owó ilé-ìwé mi o.

Àmọ́ páànù ilé wa ti lé lógójì ọdún lábẹ́ òjò kan náà, kò tíì jò. Ṣebí irin lòun náà? Síńkì tí wọ́n fi bò ó ló fà á.

Ìtàn rẹ̀ ti pẹ́. Ní 1742, Malouin, ará Faransé, ṣàlàyé fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Paris bí a ṣe lè ri irin bọ inú síńkì yíyọ́. Ní 1837, Sorel, ọmọ ilẹ̀ Faransé bíi tirẹ̀, gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí iṣẹ́ náà, òwò rẹ̀ sì gbilẹ̀.

Ṣé ẹ rí i, ọ̀dà dà bí agbádá, ó kàn bo ara ni. Bí òkúta bá ha á pẹ́nrẹ́n, omi àti atẹ́gùn á bá ibẹ̀ wọlé, ìpáàrà á sì máa ràn lábẹ́ rẹ̀. Ti síńkì yàtọ̀. Bí nǹkan bá ha á títí dé ara irin, síńkì tó yí ibẹ̀ ká ni yóò kọ́kọ́ jẹrà dípò irin. Ó ń fi ara rẹ̀ rúbọ díẹ̀díẹ̀.

Mọ́tò pẹ́ kó tó kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Síńkì ń fi kún owó, ó sì ń da àwọn tó ń jó irin pọ̀ láàmú. Ní àwọn ọdún 1960, Ford bẹ̀rẹ̀ sí í ri odindi bọ́dì bọ inú ọ̀dà tí iná ẹ̀lẹ́tíríìkì ń gbà kọjá, kí ọ̀dà lè dé gbogbo kọ̀rọ̀. Ìyẹn dáa, àmọ́ ọ̀dà náà ṣì ni. Iyọ̀ tí àwọn òyìnbó ń dà sójú títì láti yọ́ yìnyín kò sì yé jẹ irin. Porsche wá fi irin onísíńkì ṣe bọ́dì 911 ti 1976. Audi 100 tẹ̀ lé e ní 1985. Ẹ ṣírò rẹ̀ láti 1837: ọdún 139 ni páànù fi ṣáájú!

Bàbá mi ti ta tiwọn fún àwọn tó ń ra àlòkù irin. Tòkunbọ̀ ni wọ́n ń wá báyìí, ojú títì oníyọ̀ yẹn náà sì ni ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ti ń bọ̀. Mo ti bẹ̀ wọ́n: Bàbá, ẹ má wo dídán. Ẹ jẹ́ ká ká kápẹ́ẹ̀tì sókè ná, ká bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀.