Ọdún 14, Ọdún 5, Òdo: Bí Àwọn Ọ̀dọ́ Atamátàsé Ṣe Bọ́ Lọ́wọ́ Wa

Tó bá ti di oṣù Keje lọ́dọọdún, tí àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọlọ́rẹ̀ẹ́sọ́rẹ̀ẹ́ láti múra sáà tuntun, ẹ wá sí Ẹdẹ kí ẹ wá gbọ́ àríyànjiyàn. Ì báà jẹ́ nílé tí a ti ń sanwó wo bọ́ọ̀lù, ì báà jẹ́ lórí WhatsApp, ọ̀rọ̀ kan náà ni: ọmọ tuntun tí wọ́n fi síwájú yìí, ṣé ó mọ góòlù gbá àbí wọ́n kàn náwó dànù ni? Nígbà mìíràn, ọmọ ọdún 19 péré ni. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún ìṣẹ́jú 30, ó pàdánù àǹfààní kan, àwa ti dájọ́ ẹ̀.

Ìtàn ni mo fẹ́ fi dá sí àríyànjiyàn yẹn lónìí. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ. Nígbà kan rí, àwa ará ibí la máa ń wo ọ̀dọ́ tó ń gbá iwájú láti ìgbà tó ṣì ń ṣi bọ́ọ̀lù gbá títí tó fi mọ̀ ọ́n gbá. Ní báyìí, ará ìlú mìíràn ló ń wò ó fún wa. Sùúrù tiwa sì ti bá a lọ.

Ẹ wo orúkọ tí à ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ná: atamátàsé. Ẹni tó ta tí kò tàsé. Ọ̀rọ̀ ọlọ́fà ni. Ó sì yẹ kó tètè yé ọmọ Ẹdẹ, nítorí tafàtafà ni Tìmì Àgbàlé tó tẹ ìlú wa dó. Ọlọ́fà-iná ni wọ́n ń kì í. Ṣùgbọ́n ẹ sọ òótọ́ fún mi: ọlọ́fà wo ni kò ta ọfà sígbó rí kó tó mọ̀ ọ́n ta?

Ẹ jẹ́ ká padà sígbà tí kò tíì sí ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni Ẹdẹ wà títí di oṣù Kejì ọdún 1976, kí wọ́n tó pín in, tí a bọ́ sí Ọ̀yọ́. Ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991 ni Ọ̀ṣun tó dá dúró. Ìyẹn ni pé nígbà tí IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn ń jẹ ayé, àwọn ará Ẹdẹ kì í ṣe àlejò níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń ṣàkóso wa ni. Tiwa ni.

Inú ẹgbẹ́ yẹn ni Ṣẹ́gun Odégbàmí wà. Ọdún 1952 ni wọ́n bí i, ọdún 1970 ló sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ náà. Ní 1976, ẹgbẹ́ náà na Tonnerre Yaoundé láti Kamẹrúùnù ní 4-1, wọ́n pàdánù ìkejì ní 0-1, wọ́n sì gba ife àwọn tó gba ife ní Áfíríkà. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà kankan tó gba ife Áfíríkà ṣáájú wọn. Nígbà tó di ọjọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980, l'Ékòó, Nàìjíríà na Algeria ní 3-0, a gba ife ilẹ̀ Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́. Odégbàmí ló gbá méjì nínú mẹ́ta yẹn wọlé.

Ẹ ṣírò rẹ̀. Láti 1970 sí 1980, ọdún mẹ́wàá gbáko. Títí tó fi fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní 1984, kò gbá fún ẹgbẹ́ mìíràn. Ọdún 14 ni. Ẹni tí kò lówó ọkọ̀ dé pápá Liberty n'Íbàdàn máa gbọ́ ọ lórí rédíò, níbi tí Ernest Okonkwo ti ń pè é ní "Mathematical". Àwọn òbí wa mọ ìgbà tó dára, wọ́n mọ ìgbà tí kò dára, wọ́n sì bú u nígbà tó yẹ kí wọ́n bú u. Àmọ́ wọ́n mọ ẹni tí wọ́n ń bú.

Ẹni kejì ni Ràṣídì Yẹkíní. Kàdúná ni wọ́n bí i sí ní 1963, ìdílé wọn wá láti Ìrá ní Kwara. Ó gbá fún UNTL ní Kàdúná, ó sì dé Shooting Stars ní 1982, kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Wọ́n gba líìgì Nàìjíríà ní 1983, wọ́n dé àṣekágbá ife Áfíríkà ní 1984, Zamalek ti Íjíbítì ló nà wọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn ó lọ sí Abiola Babes l'Ábẹ́òkúta títí di 1987, kó tó forí lé Abidjan, kó tó dé Pọtogí. Ọdún márùn-ún ló lò nílẹ̀ Yorùbá.

Ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1994, ní Dallas ní Amẹ́ríkà, ló gbá góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà máa gbá nínú ife àgbáyé, sínú àwọ̀n Bulgaria. Gbogbo wa la ti rí fọ́tò rẹ̀, tó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n, tó ń ké. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni ní ọjọ́ yẹn. Ọdún 12 ló wà láàárín ìgbà tó dé Ìbàdàn àti ìgbà tó di àwọ̀n yẹn mú. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ àwọn tó sunkún níwájú tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ náà mọ ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀. Ojú wọn ló ṣe.

Ó wá ku tiwa. Taiwo Awoniyi, ọmọ Ìlọrin, Liverpool rà á ní oṣù Kẹjọ ọdún 2015. Victor Osimhen, ọmọ Èkó, gbá góòlù mẹ́wàá nínú ife àgbáyé àwọn tí kò tíì pé ọdún 17 ní 2015. Wolfsburg ní Jámánì mú un ní oṣù Kíní ọdún 2017. Ọdún mélòó ni wọ́n lò nínú líìgì Nàìjíríà? Òdo. Ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù ni wọ́n ti gbéra, ó di òkè òkun.

Ẹ tún wo déètì yẹn dáadáa. Oṣù Kẹjọ ọdún 2015 yẹn gan-an ni Awoniyi pé ọmọ ọdún 18. Osimhen pé ọmọ ọdún 18 ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 2016, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ló dé Wolfsburg. Kì í ṣe èèṣì. Òfin FIFA ni pé, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba àyè díẹ̀ tí wọ́n yọ sílẹ̀, ẹgbẹ́ kan kò gbọdọ̀ ra ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láti orílẹ̀-èdè mìíràn. Ààbò ọmọdé ni wọ́n torí ẹ̀ ṣe é, ó sì dára. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ wa, ohun tó tẹ̀yìn ẹ̀ yọ ni pé wọ́n ń tọ́jú ọmọ náà de ọjọ́ ìbí rẹ̀. Bó bá ti pé 18, ó di bàálù.

Ìgbà tí wọ́n wá dé ọ̀hún ńkọ́? Awoniyi kò rí ìwé àṣẹ ìṣiṣẹ́ gbà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n yá a fún Frankfurt, NEC, Mouscron, Gent, Mouscron lẹ́ẹ̀kan sí i, Mainz, Union Berlin. Ìgbà méje. Kò gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ gidi kankan fún Liverpool títí tí wọ́n fi tà á ní 2021. Osimhen ní tirẹ̀ kò gbá góòlù líìgì kankan fún Wolfsburg. Ní ìgbà ẹ̀rùn 2018, àkókò ìmúrasílẹ̀ tí à ń sọ yìí gan-an, ó lọ dán ara rẹ̀ wò lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ méjì ní Bẹ́ljíọ̀m, Zulte Waregem àti Club Brugge. Ibà ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a wó, ara rẹ̀ kò tíì le. Àwọn méjèèjì ní kó máa lọ. Charleroi ló gbà á. Ó gbá góòlù 20 níbẹ̀ ní sáà kan, ó dé Lille, ó dé Napoli, ó gba líìgì Ítálì ní 2023, ó sì di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Áfíríkà lọ́dún náà.

Àwọn tó ń fi ojú ṣe iṣẹ́ fún wa ní Ìbàdàn láyé Odégbàmí, àwọn ará Charleroi àti Mouscron ló wá ń ṣe é. Àwọn ló rí i nígbà tó ń ta sígbó. Àwa kò rí i títí tí iṣẹ́ fi parí lára rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi rò pé bí wọ́n ṣe ń bí wọn nìyẹn. Tí ọmọ ọdún 19 kan bá wá ṣi bọ́ọ̀lù gbá lóṣù Keje, ó di ẹlẹ́bi.

Ẹnì kan máa ní, ṣé kí wọ́n jókòó síbí kí ebi máa pa wọ́n ni? Rárá. Emi kò ní kí ẹnikẹ́ni má lọ. Ṣùgbọ́n owó tún wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbàkígbà tí wọ́n bá ta agbábọ́ọ̀lù láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn kí àdéhùn rẹ̀ tó parí, FIFA ní kí wọ́n yọ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà, kí wọ́n pín in fún àwọn ẹgbẹ́ tó kọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23. Ẹgbẹ́ tí wọ́n forúkọ ọmọ náà sílẹ̀ sí lábẹ́ òfin ni wọ́n ń pín in fún. Ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá kan l'Ẹ́dẹ tí orúkọ rẹ̀ kò sí níbìkankan, bó bá di Osimhen lọ́la, kọ́bọ̀ kò ní padà sórí pápá náà. Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ àwọn ọmọ yìí ní bọ́ọ̀lù, ẹ béèrè ìwé ìforúkọsílẹ̀ kí ẹ tó béèrè bàálù.

Àwa olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù náà ní iṣẹ́ tiwa. Shooting Stars ṣì wà n'Íbàdàn. Bọ́ọ̀lù ń lọ l'Óṣogbo, ibẹ̀ kò jìnnà. Àwọn ọmọ ń gbá a ládùúgbò wa nírọ̀lẹ́. Ẹ mú ọmọ kan, ẹ wò ó fún sáà méjì, kí ẹ mọ bó ṣe ń ṣubú, bó ṣe ń dìde. Nígbà tí àríyànjiyàn oṣù Keje bá tún dé, tí wọ́n ní ọmọ kan kò mọ góòlù gbá, ẹ bi wọ́n léèrè: ìṣẹ́jú mélòó lẹ ti wò ó?