Ẹ̀rí Kí Ó Tó Di Jíìnì: Ipò Ìfiwéra Nínú Ẹ̀kọ́ Jínóòmù

Ní 1996, ìwúkàrà tí à ń fi ṣe búrẹ́dì, Saccharomyces cerevisiae, di ẹ̀dá àkọ́kọ́ tí a ka jínóòmù rẹ̀ tán láàárín àwọn ẹ̀dá tí sẹ́ẹ̀lì wọn ní kókó, ìyẹn ìsọ̀rí tí ènìyàn, ewéko, kòkòrò àti olú wà. Lẹ́tà DNA rẹ̀ tó mílíọ̀nù 12, lórí kúrómósómù 16, wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé jíìnì bí 6,000 ló wà níbẹ̀. Nígbà tó di 2003, Manolis Kellis àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ka jínóòmù ìwúkàrà mẹ́ta mìíràn tó bá a tan, wọ́n tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, wọ́n sì dábàá pé kí a yọ nǹkan bí 500 kúrò nínú jíìnì wọ̀nyẹn.

Mo mú ọ̀rọ̀ yìí ṣáájú nítorí ọ̀nà tí à ń gbà kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní sísàmì sí jínóòmù, àní wíwá ibi tí jíìnì kọ̀ọ̀kan ti bẹ̀rẹ̀, ibi tó parí sí àti iṣẹ́ tó ń ṣe. Bí wọn yóò ṣe lo ètò kọ̀ǹpútà la sábà fi ń bẹ̀rẹ̀, a ó wá fi ìfiwéra pẹ̀lú ẹ̀dá mìíràn sí ìparí, bí ẹni pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Èrò tèmi ni pé ìfiwéra ló yẹ kó ṣáájú, àti pé jíìnì tí kò dájú ló yẹ kí a kọ́kọ́ fi lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ẹjọ́ ni sísàmì. Ẹni tí kò bá tíì yẹ ẹ̀rí wò kò lè dá a.

Ẹ wo bí ti ìwúkàrà ṣe wáyé. Lẹ́tà mẹ́ta-mẹ́ta ni sẹ́ẹ̀lì ń ka jíìnì tó ń di purotéènì. Nínú ẹ̀ka lẹ́tà mẹ́ta 64 tó wà, mẹ́ta péré ló ń sọ pé kí kíkà dúró. Àwọn tó kọ́kọ́ sàmì pinnu pé ibi tí irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ 100 bá ti tẹ̀ léra láìsí ìdádúró, jíìnì ni. Òfin náà bọ́gbọ́n mu, ṣùgbọ́n nínú lẹ́tà mílíọ̀nù 12, irú rẹ̀ lè ṣèèṣì wà. Ìfiwéra ló tú àṣírí rẹ̀. Bí jíìnì bá ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, tí lẹ́tà bá sọnù nínú rẹ̀ tàbí tó wọlé sí i láti ìran dé ìran, mẹ́ta, mẹ́fà tàbí mẹ́sàn-án ló sábà máa ń jẹ́, kí kíkà má baà dàrú. Níbi tí kò bá sí jíìnì, ẹyọ kan tàbí méjì lè yọ kúrò nínú DNA ìbátan rẹ̀, nǹkan kan kò sì ní bàjẹ́. Ìfiwéra kan náà tún fi àwọn jíìnì kéékèèké tí òfin 100 ti gbójú fò hàn.

Ìwúkàrà rọrùn, ṣá o. Nínú 20 jíìnì rẹ̀, bí ẹyọ kan ló ní intron, apá tí sẹ́ẹ̀lì máa ń gé sọnù kó tó ka ìyókù. Nínú ènìyàn, intron sábà máa ń gùn ju apá tí a ń kà lọ, àwọn apá tó ń di purotéènì kò sì ju ìdá kan sí méjì nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́tà bílíọ̀nù mẹ́ta. Ètò bíi AUGUSTUS ń fojú díwọ̀n ibi tí gígé ti ń wáyé. RNA tí a kà láti inú ẹ̀dá náà yóò jẹ́rìí sí i tàbí kó takò ó.

Ẹ̀wà wa, Vigna unguiculata, ni mo fẹ́ kí a fi kọ́ ọ. Oríṣi tí wọ́n ka jínóòmù rẹ̀, IT97K-499-35, ilé ìwádìí IITA ní Ìbàdàn ló mú un jáde. Stefano Lonardi, Timothy Close àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ló tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 2019. Lẹ́tà mílíọ̀nù 519 ni wọ́n rí tò, bẹ́ẹ̀ ìwọ̀n DNA inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀wà fi hàn pé ó tó nǹkan bí 640. Jíìnì 29,773 ni wọ́n sàmì sí. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì ohun tí wọ́n tò tó jẹ́ àtúnwí, títí kan DNA tó ń ṣí láti ibì kan dé ibòmíràn, tó sì ní jíìnì tirẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò bá kọ́kọ́ bo àtúnwí mọ́lẹ̀ yóò kà wọ́n mọ́ jíìnì ẹ̀wà.

Wọ́n fi ẹ̀wà yìí wé ìbátan rẹ̀ láti Amẹ́ríkà, Phaseolus vulgaris. Kúrómósómù 11 ni àwọn méjèèjì ní, ìtòlẹ́sẹẹsẹ jíìnì wọn sì jọra débi pé wọ́n tún nọ́ńbà kúrómósómù ẹ̀wà wa tò kó lè bá ti ìbátan rẹ̀ mu. Èyí wúlò gan-an: jíìnì tó jọ ti ìbátan, tó sì wà láàárín àwọn aládùúgbò kan náà, ẹ̀rí rẹ̀ lágbára ju ti èyí tó kàn jọ ọ́ lásán. Ṣùgbọ́n kí akẹ́kọ̀ọ́ tó sọ pé ẹ̀wà kò ní jíìnì kan, kó rántí pé nǹkan bí mílíọ̀nù 120 lẹ́tà ni a kò tíì rí tò. Máàkì gíga láti ọ̀dọ̀ BUSCO, ètò tó ń díwọ̀n bí jínóòmù tí a tò ṣe pé tó, kò yanjú èyí, nítorí àwọn jíìnì tí ó yẹ kó wà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan nínú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ẹ̀dá inú ìdílé kan nìkan ló ń wá, àwọn wọ̀nyẹn ló sì rọrùn jù lọ láti rí.

Ẹnìkan lè takò mí pé ìfiwéra náà máa ń tan àṣìṣe kálẹ̀. Òótọ́ ni. Bí orúkọ iṣẹ́ tí a kọ sí jíìnì ìbátan bá ṣì, a ó dà á kọ, ẹlòmíràn yóò sì dà á kọ lọ́dọ̀ wa, títí ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo yóò fi dà bí mẹ́ta. Bákan náà, jíìnì tó jẹ́ ti ẹ̀wà nìkan kò ní ìbátan tí yóò gbè é. Nítorí náà ni ibi ìpamọ́ jínóòmù ìwúkàrà ní Stanford, SGD, kò ṣe pa àwọn jíìnì tí kò dájú rẹ́. Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀ pẹ̀lú àmì pé wọ́n mú iyèméjì dání. Ìyẹn ló yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa ṣe: kó kọ irú ẹ̀rí tó ní àti ibi tó ti rí i.

A ti dán an wò níbòmíràn. Láti 2006 ni Genomics Education Partnership, tí Sarah Elgin bẹ̀rẹ̀ ní Washington University ní St. Louis, ti ń fi jíìnì eṣinṣin Drosophila lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ jáde nínú jọ́nà G3 ní 2015 ní òǹkọ̀wé 1,014, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì gboyè àkọ́kọ́ sì jẹ́ 940 nínú wọn. Àwọn kan fi iye orúkọ yẹn ṣe ẹ̀fẹ̀. Lójú tèmi, ohun tó níye lórí níbẹ̀ ni pé ó kéré tán akẹ́kọ̀ọ́ méjì ló ń ṣe iṣẹ́ kan náà láìwo ti ara wọn, kí a tó wá wádìí ibi tí wọ́n ti yàtọ̀.

Iṣẹ́ yìí kò nílò ẹ̀rọ olówó iyebíye. Jínóòmù ẹ̀wà wà lórí Phytozome, ibi ìpamọ́ jínóòmù ewéko lórí íntánẹ́ẹ̀tì; ẹni tó bá ní kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì lè wò ó. Ẹ̀yin olùkọ́ ní yunifásítì wa, ẹ pín jíìnì ẹ̀wà kọ̀ọ̀kan fún akẹ́kọ̀ọ́ méjì-méjì, ẹ ní kí wọ́n fi wé Phaseolus, kí ẹ sì fún ẹni tó bá fi ẹ̀rí hàn pé "èyí kì í ṣe jíìnì" ní máàkì kíkún.