Ìgbà Ààwẹ̀ Mẹ́ta Tí Ìjọ Kò Gbọdọ̀ Gbàgbé

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run Olódùmarè, ẹni tí ó mú ìjọ wa ní Ìfọ̀nyìn, tí ìwé ìjọba ń pè ní Ifangni, dé ọjọ́ Júbílì yìí. Bí a ti ń yọ̀, ó tọ́ kí a bojú wẹ̀yìn wo ọ̀nà tí Olúwa mú wa gbà, nítorí pé ọmọ tí kò mọ ìyà tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ kò lè mọ iyì ohun tí ó jogún. Nínú ohun púpọ̀ tí a lè rántí, a yan Ìgbà Ààwẹ̀ Ogójì Ọjọ́ mẹ́ta: ti 1989, ti 1990 àti ti 1991.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà náà ti ní gbòǹgbò tipẹ́. Ní 26 Oṣù Kẹwàá 1972, àwọn ológun gba ìjọba, Mathieu Kérékou sì di olórí. Ní 1974 wọ́n kéde pé ẹ̀kọ́ Marx àti Lenin ni ìlú yóò máa tẹ̀lé. Ní 1975 wọ́n yí orúkọ Dahomey padà sí Benin. Láàárín ọdún wọ̀nyí ni àwọn ilé-ìwé tí àwọn míṣọ́nnárì fi òógùn ojú kọ́ bọ́ sọ́wọ́ ìjọba. Fadá Alphonse Quenum wà lẹ́wọ̀n láti 1975 títí di 1984. Síbẹ̀ iná ìgbàgbọ́ kò kú. Ní 17 Oṣù Kejì 1982, Pópù John Paul Kejì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ wa, ó sì ki àwọn onígbàgbọ́ láyà.

Àwa tí a ń gbé lẹ́bàá ẹnubodè Igolo mọ ìnira mìíràn pẹ̀lú. Ní 1983, Nàìjíríà lé ọ̀pọ̀ àlejò kúrò, àwọn ọmọ Benin sì wà lára wọn. Láti 1984 dé 1986, wọ́n ti ẹnubodè pa. Ẹni tí ọjà rẹ̀ wà ní òdìkejì, tí ẹbí rẹ̀ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò àlàyé ohun tí èyí túmọ̀ sí. Nígbà tí ó fi máa di òpin àwọn ọdún 1980, àwọn báǹkì ìjọba ti wó lulẹ̀. Àwọn olùkọ́ àti àwọn òṣìṣẹ́ ń lo oṣù púpọ̀ láìgba owó. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dá ẹ̀kọ́ dúró, ọdún ẹ̀kọ́ 1988 sí 1989 sì ṣòfò dànù.

Inú òkùnkùn yìí ni Ìgbà Ààwẹ̀ 1989 bá wa. Ọjọ́rú Eérú bọ́ sí 8 Oṣù Kejì. Ní Ìgbà Ààwẹ̀ yẹn, àwọn Bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ wa kọ lẹ́tà sí gbogbo onígbàgbọ́, àkọlé rẹ̀ sì ni pé kí a yí padà, Benin yóò sì yè. Ẹ kíyè sí i, ẹ̀yin ará. Wọn kò sọ pé kí a gbé ohun ìjà, wọn kò sì sọ pé kí a káwọ́ gbera kí a máa retí iṣẹ́ ìyanu. Ìyípadà ọkàn ni wọ́n fi ṣáájú, ìyè orílẹ̀-èdè sì tẹ̀ lé e. Olórí àti ọmọ ẹ̀yìn, ọlọ́jà àti òṣìṣẹ́, kò sí ẹni tí ìpè náà kò kàn.

Ní Oṣù Kejìlá 1989, ìjọba kọ ẹ̀kọ́ Marx àti Lenin sílẹ̀. Ní 19 Oṣù Kejì 1990, Àpérò Gbogbo Orílẹ̀-Èdè bẹ̀rẹ̀ ní Kútọnu. Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza, ẹni tí yóò jogún ipò Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Kútọnu, ni wọ́n yàn láti darí rẹ̀. Nígbà tí àpérò náà kéde pé àṣẹ òun ló ga jù, àyà ọ̀pọ̀ ènìyàn já, nítorí ọwọ́ àwọn ológun ni ìbọn ṣì wà. Ṣùgbọ́n ní 28 Oṣù Kejì, Kérékou gba ìpinnu àpérò, ẹ̀jẹ̀ kò sì ṣàn. Ọjọ́ náà gan-an ni Ọjọ́rú Eérú. Ní ọjọ́ tí a ń fi eérú sí iwájú orí láti rántí pé erùpẹ̀ ni wá, alágbára rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ní 1991 ẹ̀wẹ̀, inú Ìgbà Ààwẹ̀ ni a dìbò yan ààrẹ, ní 10 àti 24 Oṣù Kẹta. Ọjọ́ Ìsinmi Ọ̀pẹ ni ìdìbò kejì bọ́ sí. Nicéphore Soglo wọlé, Kérékou sì gbé ìjọba sílẹ̀ ní ìrọ̀wọ́rọsẹ̀. Bíṣọ́ọ̀bù de Souza kò du ipò ààrẹ. Agbo Kristi ni ó ń ṣọ́ títí Olúwa fi pè é ní 13 Oṣù Kẹta 1999, nínú Ìgbà Ààwẹ̀ bákan náà.

Ṣé ìṣòro wá tán ni? Rárá o. Ní 11 Oṣù Kínní 1994, wọ́n gé iye owó séfà sí ìdajì, ohun gbogbo sì gbówó lórí. Ní 2019, Nàìjíríà tún ti ẹnubodè pa, kò sì ṣí ti Idiroko títí di 2022. Nítorí náà, ìrètí Kristẹni kì í ṣe ìlérí pé ìyà kò ní padà wá. Ohun tí Ìgbà Ààwẹ̀ mẹ́ta yẹn kọ́ wa ni pé, bí ènìyàn bá yí padà, ìyà kì í ní ọ̀rọ̀ ìkẹyìn.

Ẹ jẹ́ kí á bi ara wa léèrè ní ọdún Júbílì yìí: ààwẹ̀ wa, ṣé ikùn nìkan ló ń gbà á? Ẹni tí kò jẹun láàárọ̀, tí ó sì fi òṣùwọ̀n èké ta gàrí lọ́sàn-án, ebi lásán ló fi pa ara rẹ̀. Ẹni tí ó dá owó aládùúgbò padà, tí ó lọ bá ẹbí tó ń bá jà, tí ó pín oúnjẹ rẹ̀ fún opó, òun ni ó gba ààwẹ̀. Agbára wa lè má dé Kútọnu, ṣùgbọ́n ó dé ilé wa, ó dé ọjà wa, ó sì dé ẹnubodè wa. Ibẹ̀ ni kí ìyípadà ti bẹ̀rẹ̀.

Kí Olúwa tí ó mú àwọn òbí wa la aginjù já mú àwa náà dé ọjọ́ Àjíǹde pẹ̀lú ayọ̀. Àmín.