Sìgá Kékeré ní Ìlú Havana

Láti ọdún 1717 títí di 1817, òwò tábà ní Kúbà wà lọ́wọ́ ìjọba Sípéènì nìkan, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a fi òpin sí àṣẹ yìí ni ilé-iṣẹ́ sìgá pọ̀ ní Havana, tí a sì ń ká oríṣiríṣi tí gígùn àti sísanra wọn yàtọ̀ síra. Ọ̀kan nínú àwọn kékeré ni Perla, tí gígùn rẹ̀ tó mìlímítà 102, tí ẹni tí àyè rẹ̀ kò gbòòrò sì lè fà tán láàárín nǹkan bí ìdajì wákàtí. Ewé inú, ewé ìdìmú tí ń so ó pọ̀, àti ewé ìbora tí ó máa ń dán jù ni ó para pọ̀ di sìgá. Bí ewé inú bá jẹ́ odidi, tí a sì fi ọwọ́ ká a, jẹ́jẹ́ ni yóò máa jó, àmọ́ ewé wẹ́wẹ́ tí ẹ̀rọ ká máa ń yára jó, èéfín rẹ̀ a sì gbóná lẹ́nu.  Nítorí náà, ní ti fífà ráńpẹ́, Perla tí a fi ọwọ́ ká ló dára ju ti ẹ̀rọ lọ.