Krampus

Krampus ni orúkọ iwin oníwo tí àwọn ará Austria àti gúúsù Jámánì máa ń gbé jáde lálẹ́ ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá, ọjọ́ tó ṣáájú ọdún Nicholas Mímọ́. Nicholas á fún ọmọ dáadáa lẹ́bùn. Krampus á na pàṣán sí aláìgbọràn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé inú ọ̀rọ̀ Jámánì kan tó túmọ̀ sí èékánná ẹranko ni orúkọ náà ti wá.

Iṣẹ́ ọwọ́ agbẹ́gilére ló ń mú un bani lẹ́rù. Igi ni wọ́n fi ń gbẹ́ ojú rẹ̀: imú á wọ́, eyín á yọ síta ganboro, wọn á sì kan ìwo òbúkọ gidi mọ́ ọn lórí. Ẹni tó gbé e á wọ awọ àgùntàn onírun, á so agogo ńláńlá mọ́ ìbàdí. Aráàlú á ti gbọ́ ìró rẹ̀ kí wọ́n tó rí i.

Nígbà tí ọ̀rúndún 19 ń parí lọ, àwọn ayàwòrán gbé e sórí káàdì ìkíni, pẹ̀lú ahọ́n pupa gbọọrọ àti ọmọ tó ń ké nínú agbọ̀n ẹ̀yìn rẹ̀.

Lọ́dún 2015, Michael Dougherty, olùdarí fíìmù ọmọ Amẹ́ríkà, fi í ṣe fíìmù. Síbẹ̀, kò sí èyí tó tó ojú onígi yẹn.