Irinṣẹ́ àti Ẹni Tí Ó Ń Lò Ó

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Láàárín ọdún 1981 sí ọdún 1985, ẹni méjì tí ìgbàgbọ́ wọn jìnnà sí ara wọn gan-an bèèrè ìbéèrè kan náà: láàárín irinṣẹ́ àti ẹni tí ó ń fi í ṣiṣẹ́, ta ni ọ̀gá? Ọ̀kan ni Póòpù John Paul Kejì, olórí Ìjọ Àgùdà. Èkejì ni Richard Stallman, ará Amẹ́ríkà tí kò gbà pé Ọlọ́run wà.

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ nínú Ìjọ. Ní ọjọ́ 15 oṣù Karùn-ún ọdún 1891, Póòpù Leo Kẹtàlá gbé ìwé Rerum Novarum jáde lórí ipò àwọn òṣìṣẹ́. Ó ní ènìyàn ní ẹ̀tọ́ sí dúkìá tirẹ̀, ṣùgbọ́n olówó kò gbọdọ̀ sọ òṣìṣẹ́ di ẹrú. Ní ọ̀rúndún kẹtàlá ni Thomas Aquinas ti kọ́ni pé bí ènìyàn tilẹ̀ ni nǹkan, nígbà tí ó bá kan ìlò, kí ó kà á sí ohun tí ó wà fún gbogbo ènìyàn, kí ó sì múra tán láti fi ran aláìní lọ́wọ́.

Nígbà tí ìwé Leo fẹ́ pé 90 ọdún, John Paul Kejì múra láti kọ tirẹ̀. Ọjọ́ méjì ṣáájú àyájọ́ náà ni wọ́n yìnbọn lù ú. Ó di ọjọ́ 14 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1981 kí Laborem Exercens tó jáde. Òǹkọ̀wé yìí kì í ṣe àlejò nídìí iṣẹ́ agbára. Nígbà tí àwọn ará Jámánì gba Póláńdì, ó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta, lẹ́yìn náà ó ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ kẹ́míkà Solvay ní Kraków. Kókó ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé iṣẹ́ wà fún ènìyàn, ènìyàn kò wà fún iṣẹ́. Kò kórìíra ẹ̀rọ. Ọ̀rẹ́ ènìyàn ni ó pè é. Ṣùgbọ́n ó ní ọ̀rẹ́ yìí lè fẹ́rẹ̀ẹ́ di ọ̀tá, bí ó bá gba ọgbọ́n-inú àti ojúṣe ẹni lọ́wọ́ ẹni. Ó tún fi kún un pé ogún iṣẹ́ àwọn tí ó ti ṣáájú wa ni gbogbo irinṣẹ́ tí ó wà lọ́wọ́ wa.

Ní nǹkan bí ọdún 1980, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan tí ilé-iṣẹ́ Xerox ṣe dé yàrá ìwádìí tí Stallman ti ń ṣiṣẹ́ ní MIT. Ìwé a máa há sínú rẹ̀. Stallman ti tún ètò ẹ̀rọ àtijọ́ ṣe rí, tí ó fi jẹ́ pé bí ìwé bá há, ẹ̀rọ náà á ránṣẹ́ sí ẹni tí ń dúró dè é. Kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún èyí, nítorí ọ̀nà méjì ni ètò kọ̀ǹpútà pín sí: èyí tí ọ̀mọ̀ràn kọ tí ọ̀mọ̀ràn mìíràn lè kà, àti èyí tí a ti yí padà tí ẹ̀rọ nìkan gbọ́. Èyí tí ẹ̀rọ gbọ́ nìkan ni wọ́n fún wọn. Ó tọ ẹnì kan tí ó ní ẹ̀dà tí ènìyàn lè kà lọ ní yunifásítì mìíràn, ìyẹn sì kọ̀, ó ní òun ti búra ìpamọ́. Ó dà bí ìgbà tí alágbẹ̀dẹ ta àdá fún àgbẹ̀, tí ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ pọ́n ọn, kò gbọdọ̀ pààrọ̀ èèkù rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ yá aládùúgbò rẹ̀ lò.

Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1983, Stallman kéde ètò GNU. Ní oṣù Kìíní ọdún 1984 ó fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí rẹ̀, ní ọdún 1985 ó sì dá àjọ Free Software Foundation sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà, free, kó ìpalára bá a, nítorí àwọn ènìyàn rò pé owó ni ó ń sọ. Èdè tiwa kò ní irú ìdààmú yìí: ọ̀tọ̀ ni ọ̀fẹ́, ọ̀tọ̀ ni òmìnira. Òmìnira ni ó ń bèèrè. Ìwé àṣẹ GPL tí ó gbé jáde ní ọdún 1989 gba ẹnikẹ́ni láyè láti lo ètò kan, láti yẹ̀ ẹ́ wò, láti tún un ṣe àti láti pín in, níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti du ẹlòmíràn ní àyè kan náà. Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní Finland ní ọdún 1991, bọ́ sábẹ́ àṣẹ yìí ní ọdún 1992.

Kí a má ṣe so wọ́n pọ̀ jù. Ìjọ Àgùdà kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti ni ètò kọ̀ǹpútà. Stallman ní ìwà àìtọ́ ni láti fi í pamọ́ fún ẹni tí ń lò ó. Síbẹ̀, ní ọdún 1991, John Paul Kejì kọ ọ́ sínú Centesimus Annus pé ìmọ̀ ti di dúkìá tí kò kéré sí ilẹ̀. Ní ọdún 2009, Benedict Kẹrìndínlógún bá àwọn ilẹ̀ ọlọ́rọ̀ wí pé wọ́n rin kinkin jù mọ́ ẹ̀tọ́ oní-ìmọ̀, pàápàá lórí ọ̀rọ̀ ìlera.

Lójú tèmi, Stallman ni ó rí ìdè náà kedere jù, nítorí òun ni ó fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n àǹfààní láti yẹ ètò wò kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kà, kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò ní kọ̀ǹpútà rárá. Ẹni yẹn ni ìgbìmọ̀ ìbánisọ̀rọ̀ ti Vatican ní lọ́kàn ní oṣù Kejì ọdún 2002, nígbà tí ó kọ̀wé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí ó sì pe àlàfo tí ó wà láàárín àwọn tí ó ní in àti àwọn tí kò ní in ní ìyàsọ́tọ̀ láàárín ọlọ́rọ̀ àti tálákà.